Òbúkọ Tó Dógò Nílé Láṣebìkan

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ọlọ́rọ̀, kò bà lé ọba. Orí Láṣebìkan aránfìlà ló bà lé, ó yọ̀ níbẹ̀, ó sì já lé Òòrẹ̀ ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ̀gún ò gún un?" Àjàgbé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́, ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Àlọ́ ò lẹ́sẹ̀," ni Ìyá àgbà tó ń pàlọ́ dá a lóhùn. "Ìwọ pa ẹnu rẹ dé, kí n la tèmi."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹranko jọ ń pọnmi nínú odò kan náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láṣebìkan. Fìlà ló ń rán. Abetí-ajá ni o, gọ̀bì ni o, kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n rán. Kò níyàwó nílé mọ́, kò sì fẹ́ rí ìdọ̀tí sójú. Bí eruku bá bà lé e lápá kan, apá méjèèjì ló ń gbọ̀n.

Òòrẹ̀ ló ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹ mọ Òòrẹ̀, ẹranko tí ẹ̀gún kún ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀ rárá. Á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, á yí gbiri láti ìdí ògiri dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ á sì mọ́ tónítóní. Bí Láṣebìkan bá wá abẹ́rẹ́ tì, á fa ọ̀kan yọ lẹ́yìn Òòrẹ̀, á máa ránṣọ lọ. Ọbẹ̀ tí Òòrẹ̀ ń sè ńkọ́? Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á lá àwo, á tún wo ìdí àwo bóyá ó kán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Òòrẹ̀ ní àléébù kan. Ó fẹ́ràn oge jù. Nígbà tí ọdún ìlú ń bọ̀, ó lọ bá Òkété tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, ó rà á láwìn. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn o, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ ló ra ìlẹ̀kẹ̀ fún.

"Gbogbo ẹ̀gún?" ni àwọn ọmọ wí.

"Gbogbo ẹ̀. Ó dé ojú agbo lọ́jọ́ ọdún, ó gbọnra lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n sínú koríko, adìẹ sì ṣà á jẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ lọ, gbèsè kù."

Òkété retí owó títí, kò rí i. Ó wá bẹ ológò níṣẹ́. Láyé ìgbà náà, ológò kì í jà, kì í lu èèyàn. Ilé tí onígbèsè ń gbé ló máa ń lọ jókòó sí, á máa jẹ, á máa sùn, á máa da ilé rú, kò sì ní dìde títí wọn yóò fi san owó. Ta ni Òkété wá rán? Òbúkọ ni.

Òbúkọ gbé ẹní rẹ̀ dé. Ó tẹ́ ẹ sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ Láṣebìkan, ó fọwọ́ na irùngbọ̀n rẹ̀, ó dá orin. Ẹ̀yin lẹ ó máa gbè é.

Òòrẹ̀ jẹ gbèsè.
— Jókòó tì í.
Kò rówó san.
— Jókòó tì í.
Bó bá sunkún.
— Jókòó tì í.
Bọ́bẹ̀ bá jinná.
— Jókòó tì í.

Ẹ̀yin náà mọ òórùn òbúkọ. Òórùn ọ̀hún wọ aṣọ, ó wọ inú omi mímu, ó wọ inú fìlà. Ìjòyè kan ra fìlà tuntun, ó dé e lọ sí ìpàdé àwọn àgbà, gbogbo ewúrẹ́ ìlú ló tẹ̀ lé e wọ ààfin. Ìjòyè dá fìlà padà tìbínútìbínú. Láti ọjọ́ náà ni oníbàárà ti ń gba ẹ̀yìn ilé Láṣebìkan kọjá.

Láṣebìkan fara dà á títí, ó sú u. Ó pe Òòrẹ̀, ó san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.

"Òòrẹ̀, n kò rí ẹ̀bi iṣẹ́ rẹ," ló wí. "Gbèsè rẹ ni n kò lè bá gbé. Máa lọ."

Òòrẹ̀ sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Láṣebìkan kọ etí dídi. Òòrẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó jáde.

Láṣebìkan wá dúró, ó ń wo Òbúkọ bóyá á tẹ̀ lé e. Òbúkọ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sùn. Ó béèrè ẹni tí yóò se oúnjẹ alẹ́. Ó ní òfin ológò ni pé ilé onígbèsè lòun ń jókòó sí, Òòrẹ̀ ò sì nílé mìíràn. Òun ò lè lọ dógò sínú igbó kí òtútù pa òun. Ọjọ́ tó bá rílé tuntun, òun á ká ẹní òun.

"Ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ, òbúkọ kù," ni Àjàgbé wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn," ni Ìyá àgbà wí.

Láṣebìkan tí kì í dáná wá di alásè òbúkọ. Ó se ọbẹ̀ àkọ́kọ́, Òbúkọ ní iyọ̀ dà. Ó se òmíràn, Òbúkọ ní Òòrẹ̀ kì í sè é báyìí. Ó gbálẹ̀, ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ní kóun tiẹ̀ yí gbiri bíi ti Òòrẹ̀, ó forí sọ ògiri. Òbúkọ sì ń kọrin lé e lórí.

Láṣebìkan ò mọ̀ ọ́n sè.
— Jókòó tì í.
Ọbẹ̀ ẹ̀ ò níyọ̀.
— Jókòó tì í.
Ó forí sọ ògiri.
— Jókòó tì í.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Òòrẹ̀ yọ lẹ́yìnkùlé. Ó ti rù, ẹ̀gún nìkan ló kù. Abẹ́ àká ẹlòmíràn ló ń sùn. Ó ní Ẹkùn ń wá ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú ilé, àmọ́ kì í gba ọmọ-ọ̀dọ̀ àfi bí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ bá wá jẹ́rìí ìwà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni Òòrẹ̀ wí. "Bí n kò bá ríṣẹ́ yìí, ebi á pa mí kú. Ẹ sọ ohun gbogbo fún wọn, ẹ má ṣáà sọ ti gbèsè."

"Ìyá àgbà, Ẹkùn ò ní pa á jẹ?" ni Àbẹ̀jẹ́ béèrè.

"Ta ni yóò gbé ẹ̀gún mì? Ẹkùn dán an wò rí, imú ẹ̀ wú títí oṣù fi lé. Ọgbọ́n ti dé."

Láṣebìkan mú ọ̀nà ilé Ẹkùn pọ̀n. Bó ti ń lọ ló ń rò ó. Bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ Òòrẹ̀ láìdáa, kò sẹ́ni tí yóò gbà á, ebi á lé e padà wá, òun á sì tún máa jẹ ọbẹ̀ aládùn. Bí òun bá sì gbé gbèsè pamọ́, Òbúkọ á kó kúrò nílé òun lọ́la. Èrò méjèèjì ló dùn mọ́ ọn, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Láṣebìkan kì í ta fìlà tó lábùlẹ̀ láìfi ojú àbùlẹ̀ han ẹni tó ń rà á.

Nígbà tó dé iwájú Ẹkùn, ó kí i. Òòrẹ̀ ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Láṣebìkan ṣí fìlà.

"Ìyá Ẹkùn, Òòrẹ̀ mọ ilé mi í tọ́jú ju èmi tí mo ni ín lọ. Kò jalè rí, kò gbé ọ̀rọ̀ ilé mi síta rí. Ọbẹ̀ rẹ̀, bí mo bá ń sọ ọ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu mi. Àmọ́ ó jẹ gbèsè ìlẹ̀kẹ̀, kò tíì san án, ìdí ẹ̀ ni mo fi ní kó máa lọ. Bí ẹ bá gbà á, ológò á wá jókòó sílé yín, oúnjẹ yín ni yóò sì máa jẹ."

Gbogbo ẹ̀gún ara Òòrẹ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbé ẹrù rẹ̀.

Ẹkùn yíjú sí Láṣebìkan.

"Ológò ọ̀hún, ẹranko wo ni?"

"Òbúkọ ni, Ìyá."

"Ó sanra?"

"Láti ọjọ́ tó ti dé, kò tíì fo oúnjẹ kan."

"Bí mo bá gba Òòrẹ̀, dandan ni kó wá?"

"Òfin ológò ni, Ìyá."

Ẹkùn fi ahọ́n lá ètè. "Òòrẹ̀, gbé ẹrù rẹ wọlé. Lọ fọ ìkòkò ńlá."

Láṣebìkan sáré délé, ó sọ fún Òbúkọ pé Òòrẹ̀ ti rílé tuntun. Inú Òbúkọ dùn, ó ń ká ẹní. Ó béèrè bóyá wọ́n ń jẹun dáadáa níbẹ̀, Láṣebìkan ní wọ́n ń jẹun gan-an. Ó béèrè bóyá ẹran máa ń wà nínú ọbẹ̀, Láṣebìkan ní kì í wọ́n níbẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó nilé.

"Ẹkùn ni," ni Láṣebìkan wí.

Ẹní bọ́ lọ́wọ́ Òbúkọ. Ẹ gbè é o.

N ò jókòó mọ́.
— Sáré tete.
Ẹ bá mi kí Ẹkùn.
— Sáré tete.
Ilé Òkété dà?
— Sáré tete.

Ó dé ọ̀dọ̀ Òkété, ó ní iṣẹ́ ológò ti sú òun, kí Òkété lọ sin owó ara rẹ̀. Òkété ro ilé Ẹkùn wò, ó yáa wọ ihò. Láti inú ihò ló ti ránṣẹ́ pé kí Òòrẹ̀ máa san án díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Òòrẹ̀ yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ títí gbèsè fi tán. Kò rajà àwìn mọ́.

Láṣebìkan jó ẹní Òbúkọ níná, ó fọ ilé, oníbàárà sì padà dé. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń gbálẹ̀. Nígbàkúùgbà tó bá tọ́ ọbẹ̀ ara rẹ̀ wò, àárò Òòrẹ̀ á sọ ọ́, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Síbẹ̀, kò kábàámọ̀ ẹ̀rí tó jẹ́.

"Ẹkùn ńkọ́?" ni Àbẹ̀jẹ́ wí.

"Ẹkùn? Ìrọ̀lẹ́ kò lè dé kó má bi Òòrẹ̀ pé, 'Ológò wa ò tíì dé?'"

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Bí ẹni tó bá ọ ṣiṣẹ́ bá ń lọ, sọ dídára rẹ̀, má fi àléébù rẹ̀ pamọ́, má sì bù kún un. Òtítọ́ tí o rò pé yóò ba tiẹ̀ jẹ́ lè jẹ́ òun ni yóò gbà á là. Ìwọ tó o sì ń rajà àwìn, má gbàgbé ọjọ́ sísan.

"Ibi tí àlọ́ mi parí sí nìyí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí òbúkọ gbé ẹní wá bá mi nísinsìnyí. Ẹ fa imú yín. Ẹ gbọ́ òórùn kankan?"

"Rárá o, Ìyá àgbà."

"Òtítọ́ ni mo sọ nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn."