Èèpo Ẹ̀pà Níwájú Fáànù

Nígbà tí Ọmọ́táyébí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé kéèkì ni yóò gbé orúkọ rẹ̀ ga ní Iléṣà. Òun fúnra rẹ̀ kò rí ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Ó mọ ìwọ̀n ooru tí bọ́tà lè fara dà kí ó tó yọ́, ó mọ ohun tí ń mú kí ẹyin gbé ìyẹ̀fun ró, kò sì fi ọ̀kankan sílẹ̀ fún oríire. Nítorí èyí, kéèkì rẹ̀ kì í wó. Ó máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé, "Ẹni tó bá rí kéèkì mi tó wó, kó wá fún mi lórúkọ tuntun." Láti ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń pè é ní Ìyá Kì-í-wó.

Tòkunbọ̀ àgbà kan ni ó fi ń gbé kéèkì kiri, ọkọ̀ tí ó ti sin ẹlòmíràn gbó ní òkè òkun kí ó tó wá sìn ín. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ń fẹ́ ẹ̀bẹ̀ kí ó tó ṣí, ṣùgbọ́n éésì rẹ̀ máa ń tutù bí omi abẹ́ àpáta. Ohun tí obìnrin náà rà nìyẹn. Ìyókù ọkọ̀ náà, èènì ni.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, ilé ẹ̀kọ́ gírámà tí ó ti jáde ní Adó-Èkìtì fẹ́ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní kí ó fi kéèkì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ àti aago orí òrùlé. Alága ìgbìmọ̀, Olóyè Adéṣíyan, kò fara mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n ṣe kéèkì náà ní Adó, nítorí pé oòrùn ojú ọ̀nà yóò sọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn di ahoro. Ọmọ́táyébí dá a lóhùn níwájú gbogbo ìpàdé pé, "Olóyè, bí fèrèsé kan bá yọ́ lára rẹ̀, ẹ má fún mi ní àga láàárín yín lọ́jọ́ náà." Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu; kò ṣeé kó padà.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe àjọ̀dún nígbà tí ó gbà pé éésì ọkọ̀ náà ti ń ṣe é ní kàyéfì. Ẹni méjì ti bá a rọ gáàsì sí i, kò sì yàtọ̀. Ó wa ọkọ̀ náà lọ bá Ládiméjì, ọ̀gá àwọn tí ń tún éésì ṣe ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì.

"Ìyá Kì-í-wó, ẹ káàárọ̀ o! Kéèkì lẹ gbé wá, àbí ẹjọ́?"

"Ẹjọ́ ni, Ọ̀gá Ládi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé gáàsì ti tán."

Ládiméjì rẹ́rìn-ín. "Ní ọgbà yìí, ìkíni nìyẹn. Bí mọ́tò bá ti wọlé, wọn á ní gáàsì ti tán. Ṣé bẹntiróòlù ni, tí à ń jó? Inú páìpù ló ń yí ká. Tí kò bá jò, ibo ló máa tán sí? Ó dáa, kí ló ń ṣe é gan-an?"

"Bí mo bá ń sáré, ó tutù. Bí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, á máa fẹ́ ooru bí ẹnu ààrò. Bí mo bá tún ṣí, á tún tutù."

Ládiméjì so gééjì tí ó fi ń wọn gáàsì mọ́ páìpù. Gáàsì pé. Ó gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì bí olùkọ́ tí ó fẹ́ bi kíláàsì ní ìbéèrè. "Ká ní gáàsì ló dín, kò ní tutù dáadáa bí ẹ bá ń sáré pàápàá. Ká ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì yí ká ló kú, kò ní tutù rárá. Kí ni eré ń fún mọ́tò tí ìdúró kì í fún un?"

"Atẹ́gùn!" Ẹnu àwọn méjèèjì ló jọ sọ ọ́, inú wọn sì dùn sí ara wọn.

Níwájú ọkọ̀, páànù onílà wẹ́wẹ́ kan wà níbi tí gáàsì ti ń tu ooru tí ó gbé láti inú ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn páànù náà ni fáànù éésì wà. Bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù yìí ni ó yẹ kí ó máa fa atẹ́gùn wọlé. Wọ́n tan éésì, wọ́n bẹjú wò ó. Fáànù ń yí fùù.

"Ta ló ń wo fáànù mi ní ìwòkuwò?" Sùbérù ni ó sọ̀rọ̀, réwáyà tí ń so wáyà ọkọ̀, tí ó bá obìnrin náà fi fáànù tòkunbọ̀ rọ́pò èyí tí ó kú láìpẹ́ yìí. Ó mú ẹ̀pà yíyan lọ́wọ́, ó ń ra èèpo rẹ̀ kúrò, ó ń jẹ ẹ́. "Màmá, ẹ wò ó bó ṣe ń yí! Èmi kì í fi wáyà ṣeré o. Bí mo bá so nǹkan, nǹkan á yí."

"A rí i, Sùbérù," ni Ládiméjì wí. "Yíyí rẹ̀ gan-an ló ń dà wá láàmú."

Ó bu omi, ó dà á sára páànù náà. Láìpẹ́, éésì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Bí omi náà ti ń gbẹ, ooru padà. Ó ṣe kedere pé ooru kò rí ọ̀nà jáde, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí lójú wọn. Ọmọ́táyébí rántí àga tí ó ti fi dógò níwájú Olóyè Adéṣíyan.

Sùbérù bọ́ síwájú ọkọ̀ kí ó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ẹ̀pà, ó sì tú èèpo rẹ̀ dà síwájú páànù náà. Kàkà kí èèpo lẹ̀ mọ́ páànù, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ru sókè, ó dà bo irùngbọ̀n rẹ̀.

Ládiméjì bú sẹ́rìn-ín. "Alàgbà, ewú dé!"

Ọmọ́táyébí kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún tú òmíràn." Èèpo tún fò padà. Ó pa éésì. Fáànù dúró, èèpo jábọ́ sílẹ̀ tààrà. Ó tan án. Èèpo tún bo Sùbérù lójú.

"Màmá mi máa ń fẹ́ ọkà," ni Ọmọ́táyébí wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Wọn kì í bèèrè bóyá atẹ́gùn ń fẹ́. Ibi tó ń fẹ́ sí ni wọ́n máa ń bèèrè, kí ìyàngbò má baà dà sí wọn lójú."

Ládiméjì pa àtẹ́wọ́. "Ó parí! Fáànù tó yẹ kó máa fa atẹ́gùn wọlé, ooru ẹ́ńjìnnì ló ń tì síta. Bí ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú títì á borí rẹ̀. Bí ẹ bá dúró, òun nìkan ló ń jọba."

Sùbérù tú téèpù ara wáyà. Wáyà fáànù tòkunbọ̀ náà ti ṣá, kò sí àwọ̀ tí a fi lè mọ èyí tó yẹ ibì kan. Ó ti so ọ̀kan sí ipò èkejì, fáànù sì ń yí sódì. "Ṣùgbọ́n mo dán an wò," ni ó ń ráhùn, "ó sì yí."

"Ó yí lóòótọ́. Ẹni tó ń lọ Adó tó kọjú sí Ìbàdàn, ṣebí ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ń rìn," ni Ládiméjì dá a lóhùn.

Sùbérù gbọn èèpo kúrò ní irùngbọ̀n, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì so wáyà náà bí ó ti yẹ. Ó tún ra ẹ̀pà. Lọ́tẹ̀ yìí, èèpo sáré lọ lẹ̀ mọ́ páànù bí ọmọ tí ó rí ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ń yan lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà, ọkọ̀ Ọmọ́táyébí sì dúró pẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Nínú ọkọ̀, ó fa ìborùn mọ́ra nítorí òtútù. Nígbà tí wọ́n gbé kéèkì jáde, Olóyè Adéṣíyan fi èékánná kan fèrèsé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yí kéèkì náà po, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àga iwájú fún un. "Ìyá Kì-í-wó, ẹ jókòó. Orúkọ yín kò yẹ̀."

Ó jókòó bí ọba. Lẹ́yìn náà ni Olóyè dìde láti jíhìn nípa kànga tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti ṣèlérí láti gbẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ náà: ìpàdé tí wọ́n ṣe, ìrìn-àjò tí wọ́n rìn, ìgbìmọ̀ kékeré tí ìgbìmọ̀ ńlá bí. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọ́táyébí na ọwọ́ sókè láti orí àga tuntun rẹ̀.

"Olóyè, a gbà pé fáànù ń yí. Ibo ló ń fẹ́ sí? Níbo ni omi wà?"

Wọ́n wò ó bí ẹni tí oòrùn pa. Ó sọ ìtàn Sùbérù àti èèpo ẹ̀pà fún wọn, ẹ̀rín sì gba gbogbo pápá. Olóyè fúnra rẹ̀ nu omijé ẹ̀rín, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kí òjò tó dá, omi yóò yọ. Omi náà yọ lóòótọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi làálàá lásán yangàn láti Iléṣà dé Adó, òwe tí àwọn àgbà fi ń bi í léèrè èso iṣẹ́ rẹ̀ ni pé: "A kì í torí yíyí yin fáànù; ibi tí ó ń fẹ́ sí ni à ń wò."