Atúnrédíòṣe àti Ẹnìkejì Rẹ̀ Lórí Ojúde Ayò

Ọkùnrin kan wà ní Ìlá Ọ̀ràngún tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó ti dákẹ́ wá fún un, kì í pẹ́ kó tó rí ibi tí wáyà ti já, ìyẹn sì jẹ́ kó gbà pé kò sí ẹ̀rọ tó lè tan òun jẹ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún un pé bó ṣe ń wo inú rédíò náà ló ṣe ń wo inú èèyàn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń yin òun ni.

Ayò ni ìgbádùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ ń ta á ládùúgbò ti kú, tí àwọn míì sì ti kó lọ bá ọmọ wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lórí fóònù, lórí ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní Ojúde Ayò. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni méjì á máa ta, àwọn yòókù á máa wò wọ́n. Pátákó ńlá kan wà tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí, kí gbogbo èèyàn sì kà á. Àyè kọ́lọ́fín kan sì wà tí ọ̀rẹ́ méjì ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹlòmíràn gbọ́.

Ibẹ̀ ló ti pàdé ẹni tó ń jẹ́ Àgbà Ìgbájọ. Orúkọ tí ẹni náà fi wọlé sí ìkànnì nìyẹn, kò mọ òmíràn. Ìgbájọ kò jìnnà sí Ìlá, ṣùgbọ́n kò wá sí ọkàn rẹ̀ rí pé kí òun lọ kí i. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti jọ ń ta ayò. Ó gbà pé bàbá àgbàlagbà kan ni. Ọ̀rọ̀ ẹni náà kì í pọ̀. Bí atúnrédíòṣe bá kọ gbólóhùn mẹ́fà sí i, "Ẹ ṣé" tàbí "Ó dáa" ni yóò rí gbà padà. Nígbà míì ó máa ń rò pé bóyá ìgbéraga ni. Kò béèrè. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni náà mọ ayò ta, àti pé tó bá ti ku ìta kan kó borí, ó máa ń kọ́kọ́ tẹ àmì tí wọ́n fi ń kí alátakò. Àmì ọwọ́ kan ni, lápá òsì, nísàlẹ̀ ojú fóònù. Atúnrédíòṣe kì í sábà tẹ̀ ẹ́. Kò rí ìdí tí èèyàn fi ń kí ẹni tó fẹ́ nà.

Lọ́dún kan, Ojúde Ayò gbé ìdíje ẹlẹ́ni-méjì kalẹ̀. Ẹni méjì á dúró bí ọ̀kan. Èkíní á ta tirẹ̀, èkejì náà á ta tirẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì juwọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì ti jáde nìyẹn. Òun àti Àgbà Ìgbájọ wọ̀ ọ́. Wọ́n ń borí, wọ́n ń borí, títí ó fi ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré. Àwọn oníbàárà tó wá gba tẹlifíṣọ̀n wọn á kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ayò dé. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, irú ẹ̀rù tó máa ń ba ẹni tí gbogbo èèyàn ń wò.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ta èyí tó ṣáájú àṣekágbá, ni àwọn tó ni ìkànnì náà bá yí ojú rẹ̀ padà. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn jí, wọ́n ṣí fóònù, wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára bọ́tìnnì ti lọ, àwòrán nìkan ló kù. Ohun tó wà lókè ti wá sísàlẹ̀, tọ̀tún ti bọ́ sí òsì. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ti dàrú. Ẹnì kan kọ ọ́ sí pátákó pé ìkànnì náà ti yọ àbúrò òun kúrò, ó sì fi àjèjì mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Òmíràn ní òun ti wá ibi tí òun ti ń pe ìyàwó òun wá ta ayò títí, òun kò rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín, ìdáhùn kan náà ni yóò gbà: "A ti gbọ́ yín. Inú wa dùn pé ẹ wà pẹ̀lú wa." Kódà ọkùnrin tó kọ̀wé pé òun ń lọ, òun kò ní padà wá mọ́, ìdáhùn yẹn náà ni wọ́n fún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni atúnrédíòṣe kọ̀wé sí wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje fi máa pé, ìbínú ti kún inú rẹ̀, ohun tó kàn ń wá ni ẹni tí yóò bínú sí.

Ọjọ́ Sátidé ni, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ta tirẹ̀, ó borí. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wá ń wo ti ẹnìkejì rẹ̀. Àgbà Ìgbájọ ti kó ọmọ ayò tó pọ̀. Ilé alátakò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó ku ìta kan péré. Atúnrédíòṣe dìde dúró, ó di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó dúró de ìta yẹn. Ìta yẹn kò wá. Ohun tó hàn lójú fóònù ni pé, "Àgbà Ìgbájọ ti juwọ́ sílẹ̀."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń wò ti ń pariwo lórí pátákó. Àwọn alátakò ń dúpẹ́. Ó ti tán.

Ó ṣí àyè kọ́lọ́fín tí wọ́n ti máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó ń retí kí ẹnìkejì rẹ̀ sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀. Ó lè kọ̀wé bi í. Ibi tí yóò kọ ọ́ sí wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ gan-an. Kò kọ ọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í dákẹ́ báyìí. Ó wá rántí pé ẹni náà ti bá ọ̀kan nínú àwọn alátakò wọn ta ayò rí. Ó rántí gbogbo "Ẹ ṣé" kúkúrú yẹn. Nǹkan wọ̀nyí so pọ̀ mọ́ra wọn nínú orí rẹ̀, ó sì dá a lójú bí ìgbà tó bá rí wáyà tó já.

Ó lọ sí pátákó ńlá, ó kọ ọ́ pé: "Ẹnìkejì mi ti tà mí. Òun àti àwọn alátakò wa ni wọ́n jọ dìtẹ̀ mọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wò ó."

Àmì kan wà lórí Ojúde Ayò tí èèyàn lè tẹ̀ sára orúkọ ẹlòmíràn pé oníjìbìtì ni. Bí igba èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti ẹni náà síta. Atúnrédíòṣe ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Inú ti ń bí gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀ nítorí ìkànnì tó dàrú, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n lè da ìbínú náà sí. Àwọn tí wọn kò wo ayò náà rárá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, orúkọ Àgbà Ìgbájọ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ohun tí ẹni náà sọ. Ọkùnrin náà ní kí ni ọ̀dàlẹ̀ lè rí sọ. Obìnrin náà ń ká aṣọ lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Atúnrédíòṣe jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ó ń bá àjèjì kan ta ayò. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà lókè. Àjèjì náà ṣe ọmọlúàbí, ó kọ́kọ́ kí i pé ó mọ̀ ọ́n ta. Ó rò ó pé kí òun náà kí i padà. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sí apá òsì, nísàlẹ̀, níbi tí àmì ọwọ́ wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ti juwọ́ sílẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó tẹ àmì náà. Ó ti juwọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Bákan náà ni. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó wá rí i pé ọwọ́ náà ti yàtọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń kí èèyàn ti lọ sókè. Èyí tí wọ́n gbé sí ipò rẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tó gbà pé wọ́n ti na òun.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìkànnì náà wò bí ẹni tó ń tú rédíò. Lẹ́yìn àmì tótòòtó mẹ́ta kan lókè, ó rí yàrá kan tí kò mọ̀ pé ó wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àyípadà, ọ̀rẹ́ tí èèyàn kò bá tún fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, láìdún, láìtàn. Àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, Àgbà Ìgbájọ ló sì fi gbogbo wọn ránṣẹ́. Ó fi èyí tó kọ́kọ́ wá ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ayò náà parí.

"Mo fẹ́ kí wọn ni."

"Mi ò juwọ́ sílẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú: "Mo rí ohun tí ẹ kọ." Èyí tó gbẹ̀yìn ni: "Wọ́n fẹ́ tì mí síta. Ẹ dá mi lóhùn."

Ó sáré lọ sí pátákó ńlá, ó kọ ọ́ pé òun ṣìnà, pé òun purọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn tó kà á kò tó ogún. Ẹlòmíràn ni èrò ti ń lé kiri lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan bi í léèrè ìdí tó fi wá ń gbèjà oníjìbìtì. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì náà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ, inú àwọn dùn pé ó wà pẹ̀lú àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbájọ. Ó ń bi àwọn èèyàn léèrè bàbá kan tó ń ta ayò lórí fóònù. Ibi kẹrin tó dé, obìnrin tó ń ta oògùn sọ fún un pé òun kò mọ bàbá kankan, àfi Màmá Abọ́sẹ̀dé, ó sì fi ilé wọn hàn án.

Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ọkùnrin náà dárúkọ tó ń jẹ́ lórí ìkànnì, ojú obìnrin náà yí padà. Ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọra bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀gá ilé-ìwé ni màmá òun tẹ́lẹ̀. Ó ní ọdún karùn-ún nìyí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún, tó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi jókòó tí wọn kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, títí wọ́n fi rí Ojúde Ayò. Àtàǹpàkò òsì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì lè gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú kan gbáko.

"Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níbẹ̀ pé wọn kò lè sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà wí. "Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń dọ́gba pẹ̀lú èèyàn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lé wọn, wọn kò tíì béèrè fóònù wọn."

Ọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá náà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó wá dìde sórí ìkúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ ti ọwọ́ tí wọ́n gbé kúrò ní ipò rẹ̀, ó sọ ti àmì tótòòtó mẹ́ta àti yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè mọ̀, pé àwọn tó ni ìkànnì náà ló fa gbogbo rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Màmá náà ń wò ó.

Nígbà tó dákẹ́, màmá náà na ọwọ́ òsì sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì gbé ìwé àti bírò fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n jáde, ó pẹ́ kó tó tó ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé gba ìwé náà, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Ẹ̀rọ ló fi ọ̀rọ̀ mi pamọ́. Ta ló ní kí ẹ má bi mí?"

Ó tún dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn tó ni ìkànnì náà ṣí ilẹ̀kùn fún orúkọ Àgbà Ìgbájọ padà. Màmá náà kò wọ ibẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà máa ń lọ kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á fún un ní omi. Tó bá dá ọ̀rọ̀ ayò sílẹ̀, màmá náà á mi orí. Títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, wọn kò tíì tún jọ ta á.

Ìwọ náà, mo ti ka lẹ́tà tí o fẹ́ kà létí gbogbo ẹgbẹ́ yín lọ́la. O kọ ọ́ dáadáa. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kò wá síbi ìsìnkú ìyá rẹ, kò ránṣẹ́, kò pè, o sì fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́ bóyá o ti bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni o ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún mi. Bóyá ó ṣẹ̀ ọ́ lóòótọ́. N kò mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀. Ilé rẹ̀ kò ju ọ̀nà ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síbí, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú. Fi lẹ́tà náà sílẹ̀ lórí tábìlì yìí, kí o dìde, kí o lọ bi í.