Ẹní Tí Àwẹ̀ró Fi Pamọ́

Òré-tutù-lódò, Òré-gbẹ-nílé, Ẹní-gbòòrò-gbara, àwọn ni awo tó yẹ ọ̀ràn oorun wò fún Àwẹ̀ró, obìnrin tó ń hun ẹní ní ìlú Ìlódò, nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ ikú ṣùgbọ́n tí kò rí oorun sùn.

Bí bàbá mi àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, lẹ́yìn ilé wa, kí n tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pẹ́. Orúkọ Odù Ifá tí ìtàn náà ti wá ti bọ́ lórí mi. Ìtàn náà kò bọ́.

Àrùn jẹjẹrẹ ló mú Àwẹ̀ró lọ́mú òsì. Ọdún kan gbáko ló fi dùbúlẹ̀ lórí ẹní tóóró kan, ó rù kan eegun. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n tọ́jú ojú ọgbẹ́, ó yè. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó sanra títí ìró rẹ̀ kò fi ká a mọ́.

Inú gbogbo agbo ilé dùn. Lójú tiwa, bí ẹni tó ṣàìsàn bá ti sanra, ara ti le nìyẹn. Àyọ̀ká, ìyáálé rẹ̀, a máa pàtẹ́wọ́ bó bá ti rí i.

“Ìyàwó, ìwọ àti ta lẹ jọ wà nínú ìró yìí? Àìsàn ti sá lọ pátápátá!”

Àwẹ̀ró á rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò sọ fún pé òun kò sùn? Wọn yóò ní aláìmoore ni òun.

Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ara á tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, èémí á há, á ta gìrì jí. Bó bá ti jí, á máa fọwọ́ wá ọmú tó kù, bóyá kókó kan ti yọ níbẹ̀. Á wá a títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá síṣẹ́ mọ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìnídìí.

Ó tọ awo lọ. Wọ́n ní kó rúbọ: ẹyẹlé méjì, obì, àti ẹní tóóró tó dùbúlẹ̀ àìsàn lé. Wọ́n ní kó hun òmíràn tó fẹ̀ tó ara rẹ̀, kó máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó má sì jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ pẹ́.

Àwẹ̀ró gbé ẹyẹlé wá, ó gbé obì wá. Ṣùgbọ́n ẹní tuntun ló ká mọ́ ọn, èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ti àìsàn pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan nínú àwọn awo fọwọ́ pa ẹní náà. “Ìyá, èyí mọ́ jù. Ta ló ti ṣàìsàn lórí rẹ̀ rí?”

Wọn kò gba ẹbọ náà. Àwẹ̀ró bínú lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹta, òun àti àwọn obìnrin ilé wà létí odò ní ọ̀sán gangan, ó ń gé òré tó fi ń hun ẹní. Oorun tí kò rí sùn nílé gbé e lọ níbẹ̀. Ó ṣubú sómi. Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ bẹ́ sódò. Obìnrin mẹ́rin ló fà á jáde.

“Ìyàwó, o fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo wa lọ! Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?”

“Mi ò sùn. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń yọ̀ pé mo yè, mi ò sùn. Ẹní àìsàn yẹn, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, mi ò lè ṣe é. Bí àìsàn náà bá padà dé ńkọ́? Orí kí ni n ó dùbúlẹ̀ sí?”

Àyọ̀ká kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó tì í nínú ẹrẹ̀.

“Orí ẹní tèmi ni. Àwa méjèèjì la ó jọ wà níbẹ̀.”

“Kò lè gbà wá.”

“Ká fún ara wa pọ̀. Kò burú.”

Àwọn méjèèjì ló gbé ẹní tóóró náà lọ. Ẹbọ fín. Àyọ̀ká bá a hun èyí tó fẹ̀. Àwẹ̀ró ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n sì ń jẹun kí oòrùn tó wọ̀. Ní òwúrọ̀, ìyáálé rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ìró mọ́. Bó ṣe sùn ló ń bi í. Àwẹ̀ró kò rù. Ẹ̀rù náà kò tán. Ó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó ń rí ẹni sọ ọ́ fún, oorun sì ń kùn ún.

Lọ́jọ́ tí oorun kọ́kọ́ gbé e di ojúmọ́, ó jí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Òré-tutù-lódò, Òré-gbẹ-nílé, Ẹní-gbòòrò-gbara. Ó ní bí wọ́n ti wí i gẹ́lẹ́ ló rí.

Ẹni tó bá ń rúbọ, kó má fi èyí tó ń dẹ́rù bà á jù pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó gba ìmọ̀ràn ló rí ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kí ẹni tó dìde àìsàn pé ó ti sanra, ẹ bi í pé, “Ṣé o sùn?” Kí ẹ dúró gbọ́ èsì.