Òkè Tí Wọ́n Fi Dán Púlọ́ọ̀gì Wò

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Olóyè Láwálé fi há Fámúyìwá, mẹkáníìkì rẹ̀, mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò fún un láyè kó lọ wo ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Ó ní kò níbi í lọ àfi tó bá yan púlọ́ọ̀gì àti wáyà tí lọ́rì òun kò fi ní máa wúkọ́ mọ́, kó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ han òun. Fámúyìwá yàn wọ́n, ó dè wọ́n. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹnu púlọ́ọ̀gì lẹ ó ti rí ẹ̀rí. Tó bá dára, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tí ò bá dára, á dúdú. Àmọ́ ó dìgbà tí lọ́rì bá gun òkè gidi." Olóyè bi í pé òkè wo. "Òkè Ẹ̀fọ̀n ni, ọ̀gá." Olóyè fúnra rẹ̀ ló wà á lọ. Nígbà tí wọ́n gun òkè tán, Fámúyìwá ní kó dúró níwájú ilé kan tí ìyá arúgbó kan jókòó sí. Olóyè ní, "Tú u, jẹ́ n rí i." "Ẹ̀ńjìnnì ṣì gbóná, ọ̀gá. Bí mo bá tú u báyìí, màá bà á jẹ́." Olóyè dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fọwọ́ kàn án wò, Fámúyìwá lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gíríìsì mú. "Ọmọ mi, ṣé irin máa ń pẹ́ kó tó tutù?" "Kì í pẹ́ tó bí mo ṣe fẹ́, Màámi."