Irin Oníhò Mẹ́sàn-án

Ọkùnrin kan wà tí kì í bèèrè. Fọlárànmí, jókòó dáadáa, má tíì fèsì. Láti àárọ̀ lo ti ń ráhùn, mo sì fetí sílẹ̀ fún ọ; ó ti wá kàn mí báyìí.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ohun èlò nínú ìjọ kan, ó sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Bí òrùlé bá ń jò, òun ni wọ́n ń pè. Bí fáànù bá kọ̀ tí kò yí mọ́, òun náà ni. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bó bá ti fẹ́ ṣe ọ́ lóore, kì í dúró gbọ́ irú oore tí o ń fẹ́.

Ìyá kan ló ń tẹ dùùrù nínú ìjọ náà. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìntì, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúnkún rẹ̀ kan kò gbádùn mọ́, kò lè dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó, tó gbé ọwọ́ lé dùùrù, àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn pàápàá á jí. Nínú gbogbo ìjọ, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Nígbà tí dùùrù àtijọ́ bàjẹ́, wọ́n ra kíbọ́ọ̀dù tuntun, ó wá ku irin tí wọ́n máa gbé e lé, èyí tí àwọn akọrin ń pè ní sítáńdì. Alága ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

Ó wọkọ̀, ó di Ìbàdàn. Obìnrin tó ń ta ohun èlò orin gbé sítáńdì méjì jáde fún un. Èkínní rí bíi tábìlì kékeré, orúnkún á wọ abẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gba ara wọn kọjá bíi sísọ́ọ̀sì tó yanu. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ní ihò mẹ́sàn-án láàárín. Èèyàn á fa irin pẹ́ńpẹ́ kan jáde, á kì í bọ ihò tó bá wù ú, sítáńdì á ga tàbí kó lọ sílẹ̀.

"Ta ló máa tẹ̀ ẹ́, bàbá?" ni ọlọ́jà náà bi í. "Ṣé ó máa ń jókòó ni àbí ó máa ń dúró?"

"Ìjọ Ọlọ́run ló máa tẹ̀ ẹ́."

"Ìjọ ò ní orúnkún, bàbá. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ gan-an ni mò ń bèèrè."

O ò rí nǹkan! Ṣé ìbéèrè yẹn le ni? Ìyá yẹn ní fóònù. Kí alága ṣáà pè é, kó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń fẹ́ ẹ?" Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n alága wo ọlọ́jà náà bí ẹni tó fẹ́ fi àkókò òun ṣòfò. Ó ní oníhò mẹ́sàn-án lòun fẹ́. Ihò mẹ́sàn-án! Ta ni kò ní bá mu níbẹ̀? Ó gbé e síwájú ara rẹ̀, ó rí i pé ó dé ibi ìgbànú òun, ó ní ó dára. Ọkùnrin tí kò mọ dò yàtọ̀ sí mí, tí kò tẹ nǹkan kan rí ju aago ẹnu ọ̀nà lọ.

Nígbà tó gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ihò tó ga jù lọ ló ki irin pẹ́ńpẹ́ náà bọ̀. Ó ní ibẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù ti bá igi tó yí pẹpẹ ká dọ́gba. Ó fi aṣọ funfun bò ó, ó fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá náà dé, ó bẹ ọ̀kan nínú àwọn akọrin pé kó bá òun sọ irin náà kalẹ̀. Bí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀, ẹsẹ̀ irin yà sí ọ̀tún yà sí òsì, ó ń gbá a lórúnkún. Ó mú un mọ́ra, ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì tẹ orin. Ní ọjọ́ kejì, alága wọlé, ó rí i pé kíbọ́ọ̀dù kò bá igi pẹpẹ dọ́gba mọ́. Ó gbé e padà sókè. Lọ́sẹ̀ kejì, bákan náà. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó lẹ ìwé mọ́ ọn: "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àṣẹ alága."

Ìyá náà ka ìwé náà tán, ó lọ bá a.

"Alága, ẹ jọ̀wọ́, orúnkún mi ni o."

"Màmá, ihò mẹ́sàn-án ló ní! Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

Mo ní kí o gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu àgbàlagbà jáde. Ihò mẹ́sàn-án ló ní, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀rọ̀ irin yìí wá sú alága. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin, ó ní kó jó o mọ́ ojú ihò òkè.

"Alága, wọ́n ṣe é kó lè máa lọ sókè sódò ni. Bí mo bá jó o, ó parí nìyẹn o."

"Kó parí ni mo fẹ́. Jó o."

Jórinjórin mi orí, ó jó o. O ń rẹ́rìn-ín, Fọlárànmí. Máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò ní pẹ́ lẹ́nu rẹ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá náà dúró tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó kọ orin kejì tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n to àga méjì lé ara wọn, wọ́n gbé e gùn ún. Ìyá tó kọ́ ìdajì ìlú níwèé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro lókè bíi ti ọmọdé lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ojú tì í. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ránṣẹ́ pé orúnkún òun ti wú, òun ò ní lè wá.

Alága dìde láàárín ìsìn, ó ní kí gbogbo ìjọ gbàdúrà fún orúnkún Màmá. Wọ́n gbà á fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Irin tí wọ́n jó pa wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀, kò fi ìgbà kan wò ó. Nǹkan tó máa ń bí mi nínú nìyẹn!

Oṣù kan kọjá, ìyá náà kò padà. Ẹni tó bá dá orin á dá a lókè jù, nígbà tí wọ́n bá fi dé ẹsẹ kejì, ariwo ni gbogbo ìjọ ń pa. Ẹnì kan wá sọ fún alága pé òun gbọ́ ọwọ́ Màmá lórí dùùrù, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlagi. Alága gbaná jẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ orin, ó forí lé ibẹ̀.

Ohun tó bá níbẹ̀ kò jọjú. Kíbọ́ọ̀dù àlòkù ni, ó ti ká eyín méjì, orí tábìlì pákó tí wọn ò kùn ni wọ́n gbé e lé. Ìyá náà jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó na èkejì gbọrọ sábẹ́ tábìlì, lórí tìmùtìmù kékeré kan. Ó ń tẹ orin, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tí alága ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

"Màmá! Ṣé nítorí pákó yìí lẹ ṣe fi irin wa sílẹ̀? Irin tí mo tìtorí ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn?"

Ìyá náà gbé ọwọ́ kúrò. Kò bínú.

"Alága, ẹ kú wàhálà irin yẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibí, káfíńtà wọn mú okùn wá. Ó ní kí n jókòó, ó fi okùn wọn ẹsẹ̀ mi láti ilẹ̀ dé orúnkún. Ó wá bi mí pé, ṣé bí mo bá ká a kò ló ń dùn mí ni, àbí bí mo bá nà án. Mo sọ fún un, ó lọ gé igi. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Alága wo ẹsẹ̀ ìyá náà. Ogún ọdún ló ti mọ̀ ọ́n, ó ti làágùn nínú àdúrà nítorí orúnkún yẹn, kò sì mọ èwo ni.

"Màmá," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "èwo ló ń dùn yín?"

"Òsì ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Màá ra òmíràn. Màá mú okùn wá."

"Ẹ ṣeun, Alága. Mo ti ṣèlérí fún àwọn tibí." Ó sì gbé ọwọ́ padà sórí dùùrù.

Irin náà ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn títí dòní. Ó bá igi pẹpẹ dọ́gba rẹ́gí, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ìwọ ńkọ́? O ní aláìmoore ni bàbá rẹ. O ní o mú un kúrò lábúlé, o fún un ní yàrá, o ra bẹ́ẹ̀dì ńlá fún un, láràárọ̀ lo sì ń bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní. O ní ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń padà sábúlé lọ́la, o sì fẹ́ kí èmi wá bá a wí. Mo ti rí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó ga. Ìwọ tí o ga bí ọ̀pẹ ló bá mu. Ṣé o bi í kí o tó rà á? Mi ò bi ọ́ bó ṣe wọ́n tó. Mo ní, ṣé o bi í?

O ti ń wolẹ̀ báyìí.

Ìyá yẹn ti bá tirẹ̀ lọ, ẹ̀bẹ̀ ò dá a padà. Bàbá tìrẹ ṣì wà nílé rẹ títí di àárọ̀ ọ̀la. Dìde, máa lọ. Bí o bá débẹ̀, má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o máa bá a sọ̀rọ̀ láti òkè. Jókòó sórí ẹní yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o bi í.