Owó Bàbà Tó Wà Lọ́wọ́ Òkú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fẹ́ wá láti ojú òkun, ó balẹ̀ gbì, ó di orí Àdìgún apẹja àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀.

Láyé ọkọ̀ onígbòkun ni. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tọkọtaya yìí bá òkú atukọ̀ òyìnbó kan létí òkun. Ó di ìkúùkù ọ̀tún rẹ̀ pinpin.

Àwẹ̀ró ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká sin ín."

Àdìgún ò tilẹ̀ gbọ́. Ó ń ṣí ìka òkú: kẹ́ẹ́! kẹ́ẹ́! Owó bàbà pẹlẹbẹ kan jábọ́, orí ọba wà lára rẹ̀.

"Wúrà rè é!" Ó ki owó bọ àpò, ó ti òkú padà sínú omi.

Wọn ò tíì délé tí owó náà fi bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nínú àpò. Ẹ bá mi gbè é:

Àdìgún, Àdìgún o,
*Òtútù ń mú mi.*
Búrẹ́dì ni mo fẹ́ fi rà,
*Òtútù ń mú mi.*
Àbẹ́là ni mo fẹ́ fi rà,
*Òtútù ń mú mi.*
Dá bàbà mi padà o,
*Òtútù ń mú mi.*

Àwẹ̀ró dáná, ọbẹ̀ ò hó. Oòrùn ọ̀sán ń ta, òun ń gbọ̀n rìrì. Èékánná rẹ̀ dúdú bí aró. Ẹ̀rù ba Àdìgún, ó mú owó náà tọ Ṣówándé lọ, àgbà kan tó ti se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òyìnbó rí. Ó ròyìn òkú náà àti àìsàn ìyàwó rẹ̀ fún un.

Ṣówándé yẹ̀ ẹ́ wò. "Àdìgún, èyí kì í ṣe wúrà. Bàbà ìlú Súídìn ni, níbi tí omi ti ń dì bí òkúta. Owó tálákà ni. Òun ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì àárọ̀, òun ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ sọdá odò. Owó tí ọkùnrin yẹn fẹ́ ná délé lo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ jù ú fún un lójú òkun, kí ìyàwó rẹ tó kú."

Àdìgún gbé Àwẹ̀ró lọ sétí òkun. Ṣùgbọ́n ó ń rò ó pé, "Bó bá jẹ́ ìlara ló ń ṣe arúgbó yìí ńkọ́?" Ló bá ki owó sábẹ́ ahọ́n, ó sọ ìkarahun somi: pọ̀ún!

"Mo ti dá a padà o!"

Òkun dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbì kan ò mì. Àfi bí orin ṣe ń jáde lẹ́nu Àdìgún fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn àlejò:

Àdìgún, Àdìgún o,
*Òtútù ń mú mi.*
Ìkarahun kì í ra búrẹ́dì,
*Òtútù ń mú mi.*

Eyín rẹ̀ há pa. Àwẹ̀ró ń gbọ̀n, ó fi igi la ẹnu ọkọ rẹ̀, ó yọ owó náà, ó jù ú sókun. "Ẹ jọ̀ọ́, àlejò, ẹ gba nǹkan yín. Ẹ máa relé."

Ìgbì kan dìde wùú, ó gbé e lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni ara Àwẹ̀ró móoru.

Ti Àdìgún ò rí bẹ́ẹ̀. Títí tó fi kú, bó bá bu ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu, yóò ti dì bí yìnyín kó tó gbé e mì.

Ibí ni ọkọ̀ àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe gba tọwọ́ ẹni tí kò lè jà. Ohun tó kéré lójú olè lè jẹ́ gbogbo ohun tí olóhun ní.