Ẹ̀yìn Ló Ń Dun Abíọ́nà

Òwe yìí kò jìnnà sẹ́nu ẹnikẹ́ni: "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ dákẹ́, wọn á máa wojú ara wọn. Tara wo ni, báwo ló sì ṣe ń dákẹ́? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Adẹ́mu ni Abíọ́nà. Òun àti Ìgè ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gun ọ̀pẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìgè na igbà tó fi ń gọ̀pẹ wò.

"Bàbá, igbà yìí ti ń gbó o."

"Á ṣì gbé ọ lónìí. Tó bá dọ̀la, màá hun òmíràn fún ọ."

Igbà já lókè ọ̀pẹ. Ìgè kò rí ọ̀la.

Àwọn èèyàn dé, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n sin ọmọ, wọn kò jẹ́ kí bàbá mọ ojú oórì, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ Ìgè létí rẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé àánú ni. Àánú burúkú!

Ẹmu tó yẹ kí Abíọ́nà tà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Nígbà tó yá, ẹmu kò tó o mọ́, ó di ògógóró. Oorun dá lójú rẹ̀. Bí kò bá tíì mu, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Àbẹ̀jẹ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti lọ sọ́dọ̀ Ìyá Dókun, arúgbó tó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. Ìyá yìí kì í fọwọ́ kan ewé kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ló ti tọ̀dọ̀ rẹ̀ padà dèèyàn.

"Kí ló ń ṣe ọ́, ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ Ìgè dé ọ̀nà ọ̀fun Abíọ́nà. Ojú tì í. Bàbá wo ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun pa ọmọ òun?

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, ìyá."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Ìyá wò ó títí. "Má fi àrùn pa mọ́ fún mi o."

"Mo ní ó tán, ìyá."

Ìyá Dókun mí kanlẹ̀, ó po oògùn ẹ̀yìn fún un. Ẹ̀yìn tí kò dùn ún rí ló ń fi oògùn pa láràárọ̀, ó sì ń mutí lọ.

Ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú tí kò lè dìde mọ́ ló tó di ọwọ́ Àbẹ̀jẹ́ mú. "Èmi ni mo ní kó gùn ún. Ó fi igbà náà hàn mí."

Àbẹ̀jẹ́ kò lè bá a jà. Ẹkún ló sun dé ilé Ìyá Dókun. Arúgbó gbọ́ ọ, ó káwọ́ lérí.

"Ọ̀rọ̀ tí mo jókòó dè nìyẹn! Ibẹ̀ là bá ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n sáré dé ilé. Abíọ́nà ti kú.

"Ìyá, ṣé kò sóògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ó wà. Ẹ̀yìn ló ní kí n wò, ẹ̀yìn ni mo wò." Ìyá Dókun fi aṣọ bo ojú òkú. "Ẹni tó bá dákẹ́, Àbẹ̀jẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."